Èyítáyọ̀ Kí Tíṣà

Gbogbo Ìlógbò-Èkìtì ló mọ̀ pé Èyítáyọ̀ kì í parí nǹkan. Ó kọ́ṣẹ́ aránṣọ, ó fi í sílẹ̀ níbi ọrùn ẹ̀wù. Ó kọ́ṣẹ́ irun, ó ní ẹ̀yìn ń dun òun. Ìgbà tó wá ní òun ti rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nípa sísin oyin lórí fóònù, ṣe ni Ifáyẹmí ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ̀kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, dátà ńkọ́?"

Àwọn tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ ti já sílẹ̀. Àìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lé Dúpẹ́, oko gba Yétúndé. Èyítáyọ̀ nìkan ló kù tó ń gun àpáta lọ wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ó ti búra pé tèyí, òun á parí rẹ̀, kí ojú ó pọ́n kí ó má pọ́n.

Iṣẹ́ ìkẹyìn ni fídíò oníṣẹ́jú mẹ́ta: kó ṣí àpótí oyin rẹ̀, kó sì ṣàlàyé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bíi tirẹ̀ káàkiri ayé ló máa fún un ní máàkì, tíṣà náà á sì wò ó. Ó wọ aṣọ oyin, ó gbé fóònù há ẹ̀ka igi tó ga dé ojú rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́. Ta ló máa dojú kọ tíṣà tí kò ní kí i? Èyítáyọ̀ kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. Ó kí tíṣà kú iṣẹ́, ó béèrè ìyàwó àtọmọ, ó ṣàdúrà fún gbogbo ilé ìwé. Kó tó dìde láti ṣí àpótí, àkókò ti tán.

Òfo ló gbà. "A rí igi, a gbọ́ ohùn, a kò rí ènìyàn," ẹnì kan kọ ọ́ sí i. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló lè tún un ṣe, kí ọjọ́ Àìkú tó kọjá. Ojú tì í, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

"Má kí ẹnikẹ́ni mọ́," Ifáyẹmí sọ. "Uṣẹ́ ni kí o ṣe."

"Bàbá Dayọ̀, kí n yọ sí tíṣà bí ewúrẹ́ tí ò mọ àgò? Èmi kọ́!"

Ifáyẹmí wò ó, ó rí i pé omijé ti ń bọ̀. Ọkùnrin tó ń sá fún oyin yìí bá fi àwọ̀n ẹ̀fọn borí, ó gba fóònù, ó dùbúlẹ̀ sínú koríko níwájú àpótí tó wà lórí òkúta kékeré. "Kúnlẹ̀ síbẹ̀," ó ní. "Mò ń rí ẹ."

Èyítáyọ̀ kúnlẹ̀. "Ẹ kú uṣẹ́ o, tíṣà." Ó fẹ́ èéfín sí àpótí. "Àwọn ará ulé ńkọ́?" Ó gbé afárá oyin sókè, ó ń ṣàlàyé, ó ń ṣàdúrà. Oyin ta Ifáyẹmí létí, ó kérora, ṣùgbọ́n fóònù ò mì.

Èsì dé: ó yege. Ẹnì kan tilẹ̀ béèrè pé ṣé orúnkún ń dun obìnrin náà ni, àti pé ta ló ń kérora.

"Mo parí ẹ̀!" Èyítáyọ̀ pariwo lórí àpáta, Dúpẹ́ àti Yétúndé sáré jáde. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń sunkún, ó ń jó.

Ifáyẹmí gun àpáta wá bá a, etí rẹ̀ wú bẹ̀ǹbẹ̀.

"Ìyá Dayọ̀," ó ní, "kí la tún fẹ́ kọ́?"