Yàrá Tó Wà Lókè

"Yàrá tèmi wá dà nínú ilé yìí?" Adébùnmí béèrè. Ó fọwọ́ ti ògiri kí orúnkún tó ń dùn ún lè sinmi.

Olúṣẹ̀yẹ, ọkọ rẹ̀, nàka sókè, níbi tí irin òpó ti yọrí ju ògiri lọ. "Tiwa ń bẹ lókè, Mọ́mì. Tí a bá ti da dẹ́kìn ilẹ̀ òkè tán, wàá rí i."

Ojú sánmà nìkan ni ìyàwó rẹ̀ rí.

Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń kọ́ ilé yìí ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin. Lákọ̀ọ́kọ́, ilẹ̀ ẹrẹ̀ ni kò jẹ́. Wọ́n da yanrìn sí i títí, wọ́n tún dúró kí òjò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Àmọ́ nígbà tí ilẹ̀ le tán, Olúṣẹ̀yẹ, Bàbá fúnra rẹ̀, ló di ìdíwọ́. Ọmọ wọn Ọlákìtán bímọ ní Kánádà, Bàbá fi yàrá kún pláànù. Táyé ọmọkùnrin wọn gbéyàwó sílùú òyìnbó, Bàbá ní àfi kí ilé di pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Bí fóònù bá ti dún láti òkè òkun báyìí, àwọn bíríkìlà a tún fọwọ́ lẹ́rán.

"Dádì Ọlákìtán, ṣebí àtẹ̀gùn ilé tí à ń gbé ní Festac ni mo ní mi ò lè gùn mọ́?"

"Àwọn ọmọ ńkọ́? Tí wọ́n bá dé ńkọ́?"

"Wọ́n á wá kí wa, wọn ò ní wá gbé. Ọlákìtán ti ra ilé tiẹ̀. Ẹ̀yin náà lẹ gbàdúrà sí i lórí fóònù."

Òótọ́ ni. Àmín tí Bàbá ṣe lọ́jọ́ náà, àwọn ará ìsàlẹ̀ gbọ́ ọ. Ó dùn ún gan-an pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yé òun pé wọn ò ní wá gbé.

Mùsúdù, bíríkìlà wọn, ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan. Bàbá pè é.

"Tí a bá kan òrùlé lé e báyìí ńkọ́?"

"Á yá, sà! Kí òjò tó dé, Mọ́mì á ti máa sùn níbí. A ṣáà lè fi irin yẹn sílẹ̀. Bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe é nìyẹn, nítorí ọjọ́ iwájú."

Bàbá wo irin náà títí.

"Gé e," ó ní. "Yàrá iwájú tí mo ní kó jẹ́ ti Táyé, Mọ́mì ló ni ín."

Adébùnmí fi ògiri sílẹ̀. Ó rọra rìn wọnú yàrá náà, kò sì gun àtẹ̀gùn kankan kó tó débẹ̀.