Ojú Ìwé Tí Mo Fò

Bí ẹnì kan bá ní kí n dárúkọ ìwé tó dáa fún òun, mo máa ń kọ́kọ́ bi í pé ta ló wà nílé wọn. Wọ́n á fi mí rẹ́rìn-ín. Wọn ò mọ ohun tójú mi rí.

Ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ tí mo ti ń kọ́ṣẹ́, bí a bá ti fi ẹ̀rọ rán aṣọ tán, tó ku ká fọwọ́ rán etí rẹ̀, ẹnì kan á máa kàwé sókè fún àwọn tó kù. Oṣù kejì tí mo débẹ̀, Ọ̀gá wò mí.

"Adákẹ́, ìwọ tí bàbá ẹ kọ́ níwèé nílé, èwo ni ká kà?"

Ojú tì mí, àmọ́ inú mi dùn. Mo sọ ti ìtàn àtijọ́ kan láti òkè òkun, tí wọ́n ti túmọ̀ sí èdè wa. Ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé dé ilé ńlá kan lórí òkè, ó ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ nínú yàrá tí wọ́n ní kò séèyàn níbẹ̀.

"Ẹ̀rù á bà yín," mo ní, "ẹ ó sì gbádùn ẹ̀."

Èmi ni wọ́n ní kí n máa kà á, wọ́n sì gbádùn ẹ̀ lóòótọ́. Màmá Olójú-Mẹ́rin, àgbà wa tí awò ojú rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò, ò jẹ́ kí n sinmi. "Ilé oníyàrá ogójì! Ta ló ń gbá a?"

"Ìyàwó ni o, Màmá," Ọ̀gá fèsì. "Kí lẹ rò pé wọ́n torí ẹ̀ gbé e?"

Ọjọ́ karùn-ún la dé ibi tí ìyàwó ti ṣílẹ̀kùn yàrá náà. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló bá níbẹ̀, arúgbó tí kò rántí orúkọ ara rẹ̀ mọ́. Ọmọ rẹ̀ tì í mọ́lé, ó sì sọ fáráyé pé ó ti kú. N ò mọ ohun tó gùn mí. Èmi tí kì í sọ̀rọ̀, mo bá ń fi ohùn imú sín arúgbó náà jẹ, mo ń ráhùn, mo ń họ tábìlì bí ẹní ń họ ilẹ̀kùn. Mo ń retí ẹ̀rín.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá dorí kọ aṣọ ọwọ́ rẹ̀. Láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá kan nínú ṣọ́ọ̀bù, tí mo rò pé aṣọ ni wọ́n ń kó síbẹ̀, ẹnì kan kànkùn: kò, kò, kò.

"Ó tó fún òní," Ọ̀gá ní.

Níta, Màmá Olójú-Mẹ́rin fà mí lápá. "Ìyá Ọ̀gá ló wà ńbẹ̀. Ó ti ń gbàgbé nǹkan. Lọ́jọ́ kan ó jáde sáàárín àwọn oníbàárà láìwọṣọ, wọ́n sì fi í ṣẹ̀sín. Àtìgbà yẹn ni Ọ̀gá ti ń tì í mọ́bẹ̀ lójoojúmọ́ títí a ó fi palẹ̀ mọ́."

"Ẹ ò sọ fún mi, Màmá."

"Ṣé irú ẹ̀ ni wọ́n ń pe èèyàn jókòó sọ fún?"

Wọ́n ní ẹyin lọ̀rọ̀. Tèmi ò já bọ́ o, èmi ni mo sọ ọ́ lu ilẹ̀kùn. Bí Ọ̀gá bá ní kí n má wá mọ́, kí ni mo fẹ́ sọ fún bàbá mi?

Lọ́jọ́ kejì, Ọ̀gá ò wojú mi. "Máa kà á." Mo ṣíwèé, mo fo ojú ìwé mọ́kànlá, mo bọ́ síbi tí ìyàwó ti ń ṣeré nínú ọgbà, bíi pé arúgbó kankan ò sí níbẹ̀ rí. Mo rò pé àánú ni mo ń ṣe.

Ohùn jẹ́jẹ́ kan dún láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn: "Adákẹ́, o ti fo ibì kan. Obìnrin inú yàrá yẹn ńkọ́?"

Ó mọ orúkọ mi. Láti ọjọ́ kìíní ló ti ń bá wa gbọ́ ọ.

Ọ̀gá dìde. Ó wá kọ́kọ́rọ́ títí, ó sì ṣílẹ̀kùn. Ìyá jáde, aṣọ rẹ̀ mọ́ tónítóní, ó wá jókòó tì mí.

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Mà, ẹ foríjì mí."

"Kí lo ṣe?" Kò tiẹ̀ mọ̀ pé mo ṣẹ òun. Ta ni kí n wá bẹ̀? Ó fọwọ́ tọ́ mi léjìká. "Ṣe ohùn ọjọ́sí. Ó pa mí lẹ́rìn-ín."

Mo wo Ọ̀gá.

"Ṣe é fún wọn," ó ní.

Mo ṣe é. Ìyá nìkan ló rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìwé ni mo ń wò, n ò rí lẹ́tà kan níbẹ̀.

Ibẹ̀ la wà tí oníbàárà kan wọlé. Ojú rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Ìyá, ó lọ sí ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀. Ọ̀gá wo kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ rẹ̀, ó sì jù ú sínú àpótí òwú.

"Ẹ káàbọ̀," ó ní. "Ìyá mi rèé. Ẹ wá jókòó, a ń gbọ́ ìtàn."