Orúkọ Tí Mo Kọ Sábẹ́ Ti Ìyá Mi

Ẹni tó bá mọ̀ mí ní Igbona, l'Óṣogbo, á sọ fún yín pé inú Phebe kì í pẹ́ bí. Láàárín ọdún 1996, ẹ̀gbọ́n mi Ìbíjọkẹ́, tó ń gbé ilé wa n'Ìbòkun, sin ìyá wa láìdúró dè mí. Ó ní òun ránṣẹ́. Ìránṣẹ́ kankan ò dé ọ̀dọ̀ mi. Ìgbà tí mo fi débẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ ti gbẹ lórí sàréè, mo bá ṣẹ́rí padà, mi ò sì bá a sọ̀rọ̀ mọ́.

Nígbà tó di oṣù kọkànlá, tí àwa Kátólíìkì máa ń kọ orúkọ àwọn òkú wa sínú àpòòwé, tí wọ́n á gbé e sórí pẹpẹ kí Fadá lè máa ṣe Mísà fún ìsinmi ọkàn wọn, mo kọ orúkọ ìyá mi. Bírò ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo bá kọ Ìbíjọkẹ́ sábẹ́ rẹ̀. Kí n má parọ́, inú mi dùn bí mo ṣe ń lẹ àpòòwé náà. Ìbínú ò da nǹkan fún ni. Wọ́n ti sọ ọ́ títí, etí mi ló di.

Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú Àdífẹ́ntì, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí a fi ń dúró de Kérésìmesì, wọ́n tan ọ̀kan nínú àbẹ́là mẹ́rin, èyí tó jẹ́ elésè àlùkò. Fadá ní ká tún ọkàn wa ṣe de Ọmọ tó ń bọ̀, kí ẹnikẹ́ni má gbé yodì wọ Kérésìmesì. Ọ̀rọ̀ náà bà mí. Bí a ṣe jáde, mo rí Adédìran, ọmọ Ìbòkun, tí ògiri kan ṣoṣo pààlà ilé tiwọn àti tiwa.

"Bọ̀dá, ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n rẹ wo?"

"Ìbíjọkẹ́ kẹ̀!"

Ó ronú títí, bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò. "Phebe, ìwọ nìkan ṣáà ni ìyá yín bí."

Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo rẹ́rìn-ín, òun ò rín. Orúkọ tí mo kọ sínú àpòòwé ló sọ sí mi lọ́kàn.

Mo sáré padà wọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ bá Bàbá Barnabas, tó ń tọ́jú pẹpẹ, mo ní kí wọ́n bá mi yọ àpòòwé mi. Wọ́n ní àná, ọjọ́ tí oṣù parí, ni àwọn ti sun gbogbo rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ẹtì, mo lọ jẹ́wọ́. Fadá wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Mo ṣáà ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí. "Ọmọ mi, Ọlọ́run dárí jì ọ́," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ. Fi ẹnu ara rẹ sọ fún un kí Kérésìmesì tó dé."

Lọ́jọ́ kejì, mo wọ mọ́tò lọ sí Ìbòkun. Ẹ̀yìnkùlé ni mo bá ẹ̀gbọ́n mi, ó ń bó ẹ̀gúsí, ara rẹ̀ ti gbẹ. Mo pè é. Àwo bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Phebe! O rí mi?"

Ó dì mọ́ mi, ó sunkún. Ara rẹ̀ gbóná bí ara èèyàn. Ó ní láti ọ̀sẹ̀ tí a kọ orúkọ àwọn òkú ni kò ti sẹ́ni tó kí òun. Tí òun bá kí wọn, wọn kì í dáhùn. Nídìí ẹ̀rọ omi, wọ́n á gbé korobá tiwọn sórí ti òun. "Mo rò pé gbogbo ìlú ló ń bá mi yodì nítorí rẹ."

Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ojú tì mí débi pé mi ò lè gbójú sókè. Ó gbé mi dìde.

"Mo dárí jì ẹ́," ló wí. "Àmọ́ bá mi jáde. Pè mí kí wọ́n gbọ́."

Mo dì í lọ́wọ́ mú, a bọ́ síta. Mo pe orúkọ rẹ̀ títí ohùn mi fi há. Ìyá Òkìkí, aládùúgbò wa, gbójú sókè nídìí ẹ̀pà tí wọ́n ń yan.

"Phebe, kú àbọ̀ ulé o. Ta lò ń pè?"

"Ẹ̀gbọ́n mi rèé, ẹ kí i!"

Wọ́n wo ọwọ́ mi tó nà sí ẹ̀gbẹ́. Ohùn wọn rọ̀. "Ọmọ mi, ṣé o ti jẹun lónìí?"

Mo mú un wá sí Igbona. Láàárọ̀ Kérésìmesì, àbẹ́là mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń jó, ère Ọmọ Jésù ti wà nínú koríko, àwọn èèyàn ń kọrin ayọ̀. A tò lọ gba Kọmúníọ̀n, èmi àti òun, a kúnlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ara wa. Fadá fún mi. Ẹ̀gbọ́n mi pa ojú dé, ó sì la ẹnu. Fadá kọjá rẹ̀ sọ́dọ̀ ẹni tó kàn.

Ọlọ́run ti dárí jì mí. Òun náà ti dárí jì mí. Mo yíjú wò ó: ó ṣì la ẹnu sílẹ̀, ó ń dúró.