Abọ́ Olódòdó Tí Àlàájà Fọ́

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìjà Adébùnmí, ẹ pe àwọn nǹkan tó kó jọ sílé ní ẹrù òkú. Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kò yé pè é bẹ́ẹ̀, òun náà kò sì yé bá wọn jà. Apòògùn òyìnbó ni, Missouri City ni ilé rẹ̀ wà, láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ sì ti kú ló ti sọ Sátidé di ọjọ́ ọdẹ. Ní Houston, bí arúgbó kan bá kú tí àwọn ọmọ kò sì fẹ́ ẹrù ilé, wọn á ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ kí ẹni tó bá fẹ́ wọlé wá yan ohun tó wù ú, kó sanwó, kó sì máa lọ. Estate sale ni wọ́n ń pè é. Kí oòrùn tó yọ dáadáa, Adébùnmí á ti tò sórí ìlà lẹ́nu ọ̀nà ilé tí kò mọ onílé ibẹ̀ rí, ife kọfí á wà lọ́wọ́ rẹ̀, á máa kí àwọn òyìnbó tí wọ́n ti di ojúlùmọ̀ rẹ̀ nídìí òwò yìí.

Ohun àtijọ́ ilẹ̀ Yúróòpù nìkan ló ń rà. Agogo idẹ kékeré tí àwọn ará Faransé fi ń pe ọmọ ọ̀dọ̀, àpótí aṣáà tí kò tó àtẹ́lẹwọ́, ife tíì ilẹ̀ Jámánì tó fẹ́lẹ́ débi pé ìmọ́lẹ̀ ń gba ara rẹ̀ kọjá, ère ọmọge darandaran tí ìka rẹ̀ kan ti kán. Inú kọ́bọ́ọ̀dù onídíńgí ló tò wọ́n sí, ó ń nù wọ́n, ó sì ń bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á ní orí rẹ̀ ti ń yí. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ń dá jẹun nínú ilé ńlá, ẹ jẹ́ kó bá ife sọ̀rọ̀ jàre, ta ni ó pa lára?

Ọmọ kan ṣoṣo tó bí, Ìlérí, ti kó lọ sí apartment tirẹ̀ ní Brays Oaks. Ìlérí yìí ló wá sọ lọ́jọ́ kan pé òun ti rí ọkọ. Zàíd lorúkọ rẹ̀, ẹnjiníà ni ní La Porte, ọmọ dáadáa, Mùsùlùmí sì ni ìdílé rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Dókítà Làtífù, bàbá rẹ̀, kò ní wàhálà kankan. Sàrátù, ìyá rẹ̀, náà kò ní wàhálà, àfi pé ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ nínú rẹ̀ kó tó jáde. Ìyá àgbà ni iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àlàájà Sẹ̀kínát, ìyá Làtífù, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn dé ni. Ó ní òun kò ní sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ lórí ọmọ onígbàgbọ́ náà, àfi bí òun bá fojú ara òun rí ilé tó ti jáde wá. Nínú ìdílé yẹn, bí Àlàájà bá sì ti ní rárá, rárá náà ni.

"Mummy, please, ẹ má ṣe too much," Ìlérí ń bẹ̀ ẹ́ lórí fóònù.

"Kí ló ń jẹ́ too much? Ṣé abọ́ ike ni kí n gbé síwájú ìyá àgbà?"

Ẹ̀rù ló ń ba Adébùnmí, kò kàn fẹ́ jẹ́wọ́ ni. Bàbá tí ì bá jókòó gbàlejò ti lọ. Bí Àlàájà bá wo ilé náà, tó rí i bí ilé opó lásán ńkọ́? Ó wakọ̀ lọ sí Hillcroft, ó ra adìẹ halal níbẹ̀ kí oúnjẹ má bàa di ọ̀rọ̀. Ó wá rántí ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà.

Ilé ìyá òyìnbó kan ní Bellaire ló ti rà á, odidi sẹ́ẹ̀tì àtijọ́ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Jọ́ọ̀gì ńlá kan wà nínú rẹ̀, bàsíà tó bá a mu wà níbẹ̀, àti abọ́ kan tó fẹ̀ tó sì jinlẹ̀, tó ní ìdérí àti etí kan ṣoṣo. Òdòdó róòsì pupa yí gbogbo wọn ká, wọ́n sì fi wúrà kun etí wọn. Nínú abọ́ náà, nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n ya ojú kan ṣoṣo tó ranjú mọ́ òkè. Adébùnmí ti ro ọ̀rọ̀ ojú yìí títí. Ó ní àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé wọ́n fi ń sọ fún àlejò pé oúnjẹ ti tán. Ó gbé jọ́ọ̀gì àti bàsíà sórí tábìlì kékeré lẹ́bàá bálùwẹ̀ àlejò. Ó fọ abọ́ náà dáadáa, ó bu jọ̀lọ́ọ̀fù kún inú rẹ̀, ó to adìẹ lé e, ó dé e, ó gbé e sí àárín tábìlì. Ó wá dúró, ó ń wò ó. Ó rẹwà, Ọlọ́run ń gbọ́.

Àwọn àlejò dé nírọ̀lẹ́ Sọ́ńdè. Àlàájà ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ìborùn funfun wà lórí rẹ̀, ojú rẹ̀ kò sì fo ohunkóhun. Ó dúró níwájú kọ́bọ́ọ̀dù onídíńgí.

"Ìyá Ìlérí, ẹ̀yin lẹ ni gbogbo èyí?"

"Èmi ni, ma."

"Hùn."

 Adébùnmí sáré lọ tún àwọn ṣíbí orí tábìlì tò.

Àlàájà ní òun fẹ́ ṣe àlùwàlá kí ìrun Alásárì má lọ mọ́ òun lọ́wọ́. Ìlérí mú un lọ sí bálùwẹ̀. Bó ṣe ń jáde, ó tẹsẹ̀ dúró níbi jọ́ọ̀gì àti bàsíà, ó tún awò ojú rẹ̀ ṣe, ó sì wò wọ́n dáadáa. Ìgbà tó kírun tán tó padà sídìí tábìlì, Adébùnmí ń ṣí ìdérí abọ́ lọ́wọ́ ni.

"Ah ah, Ìyá Ìlérí, abọ́ yìí mà fine o!" Sàrátù ló ń sọ̀rọ̀. "Ó dà bí ẹni pé mo ti rí irú ẹ̀ rí. Níbo ni mo ti rí i gan-an? Wait, ó máa tó wá sí mi lọ́kàn."

"Antique ni, ma," Adébùnmí dáhùn, orí rẹ̀ ń wú. "Kò sí ẹni tó mọ̀ bóyá ọba ló lò ó."

Àlàájà wo abọ́, ó wo ọ̀nà bálùwẹ̀, ó wo Sàrátù tó fi ìka kan èrèkẹ́ tó ń ronú. Ó dìde.

"Ẹ jẹ́ kí n fọwọ́ ara mi bu oúnjẹ fún àwọn ọmọ."

"Mama, ẹ fi í sílẹ̀, ó wúwo," Làtífù sọ.

"Ṣé mo ti yarọ ni?"

Ó fi ọwọ́ kan di etí abọ́ mú, ó fi èkejì gbá ìdí rẹ̀ mú, ó gbé e kúrò lórí tábìlì. Gbàgà! Abọ́ balẹ̀ sórí táìlì, ó fọ́ wéléwélé, jọ̀lọ́ọ̀fù sì fọ́n dé ìsàlẹ̀ àga.

Adébùnmí wà nítòsí rẹ̀, ó sì rí i. Ọwọ́ yẹn kò yọ̀. Ńṣe ni Àlàájà mọ̀ọ́mọ̀ ṣí ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Inú bí Adébùnmí débi pé omijé fẹ́ bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní nínú ọkàn rẹ̀ pé èsì tí wọ́n ń retí nìyẹn: ìyá àgbà kò fẹ́ jẹ oúnjẹ onígbàgbọ́, kò fẹ́ ilé, kò fẹ́ ọmọ. Ó wo Ìlérí, ojú ọmọ náà ti kún fómi.

"Yéè! Ẹ foríjì mí," Àlàájà ń wí. "Ọwọ́ àgbà ni. Sàrátù, jókòó sí àyè rẹ. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan àfọ́kù yìí. Èmi àti Ìyá Ìlérí la máa kó o."

Àfọ́kù tó ní ojú ló kọ́kọ́ mú, ó fi ìborùn bò ó. Wọ́n kó ìyókù tán, àwọn méjèèjì wọ kíṣìnnì, Àlàájà sì ti ilẹ̀kùn.

"Màmá," Adébùnmí sọ, "bí ẹ ò bá fẹ́ jẹ oúnjẹ wa, ẹ ò bá sọ fún mi, ma. Ọmọ mi ò ṣẹ̀ yín."

Àlàájà gbé àfọ́kù ojú jáde lábẹ́ ìborùn, ó fi lé orí káńtà.

"Bùnmí." Ó ti pa "ẹ" tì, ó ń bá a sọ̀rọ̀ bí ọmọ. "Ojú yìí, kí lo rò pé ó ń wò?"

"Mi ò mọ̀, ma."

"Ìdí èèyàn ló ń wò."

Adébùnmí tẹ orí ba, ó tún ojú náà wò.

"Ìlú Leeds ni mo ti kàwé. Ìyá arúgbó tó gbà mí sílé ní irú sẹ́ẹ̀tì yìí láti ọ̀dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀. Jọ́ọ̀gì àti bàsíà, wọ́n fi ń bọ́jú. Ẹ̀kẹta, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ń gbé. Póò ni, ọmọ mi. Inú póò lo bu jọ̀lọ́ọ̀fù sí."

Adébùnmí fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Póò tí òun mọ̀ nílé ìyá òun ní Iléṣà, páànù funfun ni, ó ti bó lára, kò sẹ́ni tó lè ṣì í mọ̀.

"Màmá, ta ló ń ya róòsì sára póò?"

"Òyìnbó ni," Àlàájà dá a lóhùn, ẹ̀rín sì bú jáde lẹ́nu rẹ̀. Adébùnmí náà bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ara wọn mú, kí Adébùnmí tó mọ̀, ẹ̀rín ti di ẹkún.

"Ẹ ò bá ti yọ́ ọ sọ fún mi, ma."

"Nígbà wo? Ìyàwó mi ti ń rántí. Bí Sàrátù bá rántí pẹ́nrẹ́n, gbogbo Houston á ti gbọ́ kí n tó délé. Bí mo bá sì ní kí o gbé e kúrò, wọ́n á bi mí nídìí. Ó sàn kó fọ́."

"Wọ́n á máa sọ pé ẹ̀yin lẹ ba àpèjẹ jẹ́."

"Jẹ́ kí wọ́n máa sọ. Ọjọ́ orí mi gba kí ọwọ́ mi máa yọ̀. Má sọ fún ẹnikẹ́ni o, Ìlérí pàápàá." Ó ṣí ìkòkò orí sítóòfù wò. "Ó dára, jọ̀lọ́ọ̀fù ṣẹ́kù. Mo ti rí náìlọ́nù tí wọ́n kọ halal sí nínú bíìnì rẹ. Ẹni tó lọ wá adìẹ tí mo lè jẹ, tó tún gbé ohun tó dára jù nílé rẹ̀ síwájú mi, kí ni mo tún fẹ́ wò nílé rẹ̀?"

Inú abọ́ pépà ni Àlàájà ti jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù lọ́jọ́ náà, ó sì tún bù sí i. Kí wọ́n tó dìde, ó pe Ìlérí ní ìyàwó òun lójú gbogbo wọn.

Wọ́n ṣègbéyàwó. Àlàájà kò padà sí Ìbàdàn mọ́, ọ̀rọ̀ abọ́ fífọ́ náà kò sì kúrò nílẹ̀. Bí wọ́n bá ń pín omi, Sàrátù á fi gíláàsì fún gbogbo ayé, á wá fi ife ike fún Àlàájà. Làtífù á ní kí wọ́n gbé àwo kúrò nítòsí ìyá òun. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, obìnrin tó ti ṣe ọ̀gá lórí àwọn ọmọ tí wọ́n di dókítà àti adájọ́ á sì bá wọn rẹ́rìn-ín sí ara rẹ̀, á mu omi nínú ike. Gbogbo ìgbà tí Adébùnmí bá rí i ni ọ̀rọ̀ máa ń yọ sí i lẹ́nu, Àlàájà á sì fojú bá a wí. Kò sí àdúrà àárọ̀ tí Adébùnmí kì í dárúkọ Àlàájà nínú rẹ̀. Ó ṣì ń lọ sí estate sale, ṣùgbọ́n ó ti kọ́ láti béèrè ohun tí wọ́n ń fi nǹkan ṣe kó tó sanwó.

Ìlérí wá bí ọmọbìnrin. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, lẹ́yìn tí lèmọ́mù ti pe orúkọ sí i létí, ọmọ ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn nínú pálọ̀ Zàíd. Bó ṣe kan Àlàájà, Sàrátù sáré gbà á.

"Mama, ẹ jókòó, ẹ kàn máa wò ó. Ẹ ṣáà mọ ọwọ́ yín."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Àlàájà náà rẹ́rìn-ín, ó sì kó ọwọ́ méjèèjì wọ abẹ́ ìborùn. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára ọmọ.

Adébùnmí dìde. Ó gba ọmọ lọ́wọ́ Sàrátù, ó gba àárín èrò kọjá, ó kúnlẹ̀ níwájú Àlàájà, ó fà á lọ́wọ́ jáde lábẹ́ ìborùn, ó sì gbé ọmọ lé e.  Ọwọ́ náà kò gbọ̀n rárá.

"Ìyá Ìlérí!" Sàrátù kígbe. "Ṣé ẹ ti gbàgbé abọ́ yín ni?"

"Mi ò gbàgbé," Adébùnmí dáhùn, kò sì dìde lórí ìkúnlẹ̀. "Torí pé mi ò gbàgbé ni."