Ohun tí Tinúkẹ́ Jẹ

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méje fi máa pé nínú ètò ọlọ́sẹ̀ méjìlá tí Kóòṣì Adésànyà là sílẹ̀ fún Tinúkẹ́, ó ti ń gbé àádọ́rin kílò kúrò nílẹ̀, kò sì sí obìnrin mìíràn nínú jíìmù náà tó lè gbé tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un lọ́jọ́ náà. Ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò mọ̀ ni pé, kí oòrùn tó wọ̀, Tinúkẹ́ ti jẹ odindi búrẹ́dì kan, ẹ̀pà ìgò kan, àti ìrẹsì tó sè sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Kò tilẹ̀ jókòó jẹ ẹ́. Orí ìdúró ló wà nídìí fìríìjì, tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀.

Tíṣà kíláàsì kẹrin ni Tinúkẹ́, ní Odode nílùú Ìdànrè. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni, òun nìkan ló sì ń gbé. Kì í ṣe torí kó lè tẹ́ẹ́rẹ́ ló ṣe wọ jíìmù. Ìyá rẹ̀ ló ṣubú ní balùwẹ̀ lọ́dún tó kọjá, tí òun ọmọ gbìyànjú títí, tí kò lè gbé e dìde, àfìgbà tí àwọn ará àdúgbò sáré wọlé. Ìtìjú ọjọ́ yẹn ló gbé e dé ọ̀dọ̀ Adésànyà, sọ́jà tó ti fẹ̀yìn tì, tó sọ ilé ìkó-kòkó-sí àtijọ́ kan di jíìmù. Ìdajì irin ibẹ̀ kì í ṣe irin, sìmẹ́ǹtì tí wọ́n rọ sínú ike ọ̀dà ni. Òórùn kòkó ò sì tíì kúrò lára ògiri.

Àmọ́ àjẹjù yìí ti pẹ́ lára rẹ̀. Láti ìgbà tó wà nílé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ló ti ń ṣe é. Bó bá dé, kì í ṣe ebi. Ọwọ́ rẹ̀ á kàn máa bu oúnjẹ bíi pé ẹlòmíràn ló ni ọwọ́ náà, kò ní gbọ́ adùn, kò sì ní lè dúró, àfi tí inú bá ń dùn ún. Lẹ́yìn náà ni á jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tí á máa bú ara rẹ̀. Á wá búra pé títí ilẹ̀ ọ̀la fi máa ṣú, òun ò ní fẹnu kan nǹkan kan. Ó sì máa ń gbìyànjú. Omi nìkan ló máa ń mu lọ síléèwé, omi nìkan ló máa ń mu dé jíìmù, tí orí á máa fò ó lábẹ́ irin. Bó bá ti délé báyìí, ìbúra ti bàjẹ́.

Ní Sátidé ọ̀sẹ̀ keje yẹn, Adésànyà gbé gbogbo wọn lé òṣùwọ̀n ńlá tí wọ́n fi ń wọn àpò kòkó, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Tinúkẹ́ ti fi kílò mẹ́ta lé sí i.

Adésànyà fajú ro. "Tíṣà, kí lẹ ń jẹ gan-an?"

"Ohun tí ẹ kọ fún mi náà ni, Kóòṣì."

"Òṣùwọ̀n ò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ yọ oúnjẹ alẹ́ kúrò. Ẹ kó ẹnu yín níjàánu."

Inú bí Tinúkẹ́ débi pé omi lé sójú rẹ̀. Bó bá ṣe ẹnu ni, ṣé kò ti kó o níjàánu láti ọdún mẹ́wàá? Síbẹ̀, ó yọ oúnjẹ alẹ́. Nígbà tó di Ọjọ́rú, ó yọ ti àárọ̀ mọ́ ọn.

Ní Ọjọ́bọ̀, ìyá rẹ̀, Fẹ́yìsetán, se ogójì mọ́ínmọ́ín eléwé fún ìpàdé àwọn ìyá nínú ìjọ aládùúrà tí wọ́n ń lọ. Orúnkún rẹ̀ kò jẹ́ kó lè gbé ẹrù, ló bá ní kí Tinúkẹ́ ti iléèwé wá gbé kúlà náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Tinúkẹ́ gbé e, ó sì kọ́kọ́ yà nílé láti pààrọ̀ aṣọ. Ó ṣí kúlà náà kó lè mọ̀ bóyá ewé kankan ti já. Ó jẹ ẹyọ kan.

Ìgbà tó máa mọ ibi tó wà, fóònù ti ń dún. Ewé mẹ́rìnlá ló wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ kíṣíìnì, epo ti ta sí aṣọ iléèwé tí kò tíì bọ́.

"Tinúkẹ́, níbo lo wà?" ni ìyá rẹ̀ wí. "Àwọn ìyá ti jókòó."

"Mo ti ń bọ̀, mà."

Nígbà tó dé ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n ka mọ́ínmọ́ín, tó ku mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, irọ́ ló jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó ní ọ̀kadà gbé òun ṣubú, mẹ́rìnlá sì bọ́ sínú ẹrẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò bèèrè mọ́ínmọ́ín mọ́. Ìgbúnwọ́ ọmọ rẹ̀ ló dì mú, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó tẹ̀ ẹ́ lórúnkún. "Ṣé o ò fara pa? Ọlọ́kadà wo ni?"

"Bọ̀ọ̀dá Ògúndípẹ̀ ni."

Ògúndípẹ̀ ló máa ń gbé e lójoojúmọ́. Orúkọ tó sún mọ́ ahọ́n jù lọ nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì, bí iléèwé ṣe jáde, Ògúndípẹ̀ dúró sẹ́nu géètì, kò sì kí i. Ará apá Ìkirè ni, iṣẹ́ oko kòkó ló gbé e wá sí Ìdànrè kó tó ra ọ̀kadà. Láti ọdún mẹ́fà tó ti ń gun ún, kò tíì gbé ẹnikẹ́ni ṣubú rí.

"Tíṣà," ló wí, "ìyá yín wá bá mi níbi tá a ti ń gbé èrò láàárọ̀ yìí. Wọ́n ní mi ò mọ ọ̀kadà gùn. Ojú gbogbo àwọn ẹgbẹ́ mi ni wọ́n ti sọ ọ́. Kí ni mo ṣe fún yín?"

Tinúkẹ́ ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé mi dé ọ̀dọ̀ wọn."

Wọ́n bá Fẹ́yìsetán lórí àpótí, ó ń pa ẹ̀gúsí. Tinúkẹ́ kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀.

"Màmá, Bọ̀ọ̀dá Ògúndípẹ̀ ò gbé mi ṣubú. Mo jẹ mọ́ínmọ́ín yẹn ni."

"Ìwọ àti ta ni?"

"Èmi nìkan."

"Mẹ́rìnlá?"

"Mẹ́rìnlá, mà."

Ìyá náà gbé àwo ẹ̀gúsí sílẹ̀. Ògúndípẹ̀ ló kọ́kọ́ kọjú sí, ó bẹ̀ ẹ́, ó ní òun máa padà lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ògúndípẹ̀ ní ó tán, ṣùgbọ́n kò wo ojú Tinúkẹ́ títí ó fi lọ. Ìgbà náà ni Fẹ́yìsetán mí kanlẹ̀. "Èyí kì í ṣe ojú lásán. Ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta la máa gbà."

"Màmá, ààwẹ̀ gan-an ló ń pa mí." Ohùn Tinúkẹ́ lọ sókè ju bó ṣe fẹ́ lọ. "Kóòṣì ní kí n má jẹun, ẹ̀yin náà ní kí n má jẹun, èmi fúnra mi kì í jẹun. Gbogbo ìgbà tí mi ò bá jẹun ni mo máa ń jẹ bẹ́ẹ̀."

Kò tíì sọ ọ́ jáde bẹ́ẹ̀ rí. "Mi ò gbọ́ irú èyí rí," ni ìyá rẹ̀ wí. "Àbí kí n máa se oúnjẹ àárọ̀ rẹ ni?"

Ní Sátidé, ó sọ ọ́ fún Mùjídàt, nọ́ọ̀sì tí wọ́n jọ ń gbé irin. Mùjídàt ò rẹ́rìn-ín, kò sì la ojú sílẹ̀. Ó ní àìsàn tó ní orúkọ nílé ìwòsàn ni, pé kì í ṣe wọ̀bìà, ó sì júwe dókítà kan fún un ní Àkúrẹ́. Ohun tí dókítà náà kọ́kọ́ ní kó ṣe rọrùn lẹ́nu: kó jẹun lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, kó má fo ọ̀kankan, pàápàá lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé ọjọ́ tí àjẹjù náà bá ṣẹlẹ̀.

Kò rọrùn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, kò ṣẹlẹ̀ rárá, Tinúkẹ́ sì rò pé ó ti tán. Ní ọ̀sẹ̀ kẹwàá, ó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó pe dókítà, ó ní gbogbo rẹ̀ ti sú òun. Dókítà ní kó má dákẹ́, kó máa bọ̀.

Ọjọ́ ìdánwò ọ̀sẹ̀ kejìlá bọ́ sí Sátidé. Àádọ́rùn-ún kílò ni Tinúkẹ́ kọ sínú ìwé rẹ̀. Ní ọ̀sán Jímọ̀ tó ṣáájú rẹ̀, ó jẹ ìkòkò ẹ̀wà kan tán àti gààrí lé e. Nígbà tó wọ jíìmù láàárọ̀ Sátidé, ikùn rẹ̀ le, ojú rẹ̀ wú, inú sì ń bí i sí ara rẹ̀, sí òṣùwọ̀n, àti sí gbogbo ẹni tó ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀.

"Ẹ gun òṣùwọ̀n, Tíṣà," ni Adésànyà wí.

"Mi ò gùn ún, Kóòṣì. Lónìí àti lọ́jọ́ mìíràn."

Adésànyà wo ojú rẹ̀, ó sì kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Ó gbé ọgọ́rin kílò. Nígbà tí wọ́n fi mẹ́wàá lé e, irin náà kò kúrò nílẹ̀. Ó tún fà á. Kò mì. Ó fi í sílẹ̀, ó jáde síta, ó lọ dúró lábẹ́ oòrùn, ó ń mí gúlegúle. Mùjídàt tẹ̀ lé e jáde.

"Mo tún ṣe é lánàá," ni Tinúkẹ́ wí.

"Kí lẹ wá jẹ láàárọ̀ yìí?"

"Kò sí."

"Àǹtí Tinúkẹ́."

"Mo mọ̀. Mo mọ ohun tí wọ́n sọ."

Obìnrin kan ń dín àkàrà ní òdìkejì títì. Inú ṣì ń bí Tinúkẹ́ bó ṣe ń sọdá, kò sì wù ú láti jẹ ohunkóhun láyé mọ́. Ó ra àkàrà mẹ́rin àti ògì, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó sì rọra ń jẹ ẹ́ lójú gbogbo ayé.