Apá Tí A Kùn

"Gbogbo wọn pátá?" Olúrántí bèèrè.

"Gbogbo wọn." Akínṣọlá, tíṣà ìṣirò bíi tirẹ̀ tó bá a máàkì kíláàsì rẹ̀, gbé ìdì ìwé ìdánwò náà ka orí tábìlì ọ̀gá ilé ìwé. "Òdo ni mo fún wọn nínú ìbéèrè gíráàfù. Apá tí kò yẹ ni wọ́n kùn."

Ìyáàfin Afọláyan, ọ̀gá wọn, ń wo Olúrántí. Ó ti sọ tirẹ̀ nígbà tí táàmù bẹ̀rẹ̀: bí kíláàsì Olúrántí bá tún fìdí rẹmi nínú ìṣirò, kó wá iṣẹ́ míì lọ. Tíṣà kò wọ́n ní Ìkẹ́nnẹ́.

Olúrántí fa ìwé kan yọ. y > x² − 4. Ìlà náà tẹ̀ bí abọ́, ó dára. Ọmọ tó ni ìwé náà ti fi pẹ́ńsù kun inú abọ́ náà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká dán an wò. Ẹ fi òdo sípò x, ẹ fi òdo sípò y. Ṣé òdo ju òdì mẹ́rin lọ?"

"Ó jù ú lọ."

"Inú abọ́ sì ni ojú òdo, níbi tí ìlà x àti ìlà y ti pàdé, wà. Ibẹ̀ ni ìdáhùn."

"Ta ló bá yín jiyàn? Ìdí tí kò fi yẹ kí wọ́n kùn ún nìyẹn! Apá tí a kò fẹ́ là ń kùn. Ìdáhùn á wà ní funfun. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi ní Ṣàgámù nìyẹn."

"Èmi, apá tí mo fẹ́ ni mò ń kùn. Àbí ilé onílé lẹ máa ń fi ọ̀dà kùn ni, ẹ̀gbọ́n?"

Ẹ̀rín fẹ́ gba ẹnu ọ̀gá, ó gbé e mì. "Kí ni ìbéèrè wí?"

"'Fi apá ìdáhùn hàn.' Kò dárúkọ kíkùn, mà. Ẹ sì wo ohun tí ọmọ náà kọ sísàlẹ̀."

Akínṣọlá tẹjú mọ́ ọn. Ó ṣí ìwé míì, ó tún ṣí òmíràn. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "'Apá tí a kùn ni ìdáhùn.' Gbogbo wọn ló kọ ọ́. Àwòrán nìkan ni mo wò, mà."

"Wọ́n gbà á nìyẹn," ni ọ̀gá wí. "Ẹ tún un máàkì. Olúrántí, a ó ríra ní táàmù tó ń bọ̀."

Ọ̀gá jáde. Olúrántí mí kanlẹ̀. Ara rẹ̀ fúyẹ́ bí ẹni tó sọ ẹrù igi kalẹ̀. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró. Òun náà ló máàkì kíláàsì Akínṣọlá. Ìta abọ́ ni àwọn yẹn kùn, wọ́n fi inú sílẹ̀ ní funfun. Òdo lòun náà fún wọn, kò bèèrè ìdí.

Ó yíjú padà. "Ẹ̀gbọ́n, ìwé kíláàsì yín tí mo kó fún yín láàárọ̀, ṣé ẹ ti wò ó?"

"N ò tíì wò ó."

"Ẹ kó o fún mi padà."

Akínṣọlá wò ó títí, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó fi ẹsẹ̀ ti àga kan sí i. "Ẹ jókòó, jàre. Ká ṣe é kíá kí oòrùn Ẹtì tó wọ̀, kí ìsinmi ìjọ wa tó bẹ̀rẹ̀. Sábáàtì ò ní bá mi nídìí òdo."