Àwọn Eku Tó Mu Omi Lásán

Mi ò fẹ́ràn eku. Mo sọ ọ́ lọ́jọ́ tí Hanifah ọmọ mi gbé eku funfun wọlé nínú kéèjì mẹ́ta, mo sì ń sọ ọ́ títí dòní. Ìjì ló ṣí òrùlé ilé tí wọ́n ń kó ẹranko sí níléèwé wọn, ni Dókítà Mojúbàolú, olùkọ́ rẹ̀, bá ní kí oníkálukú gbé eku tirẹ̀ lọ sílé. Ta ló bi èmi? Yàrá méjì péré la háyà ní Ìkòròdú, eku sì gba ọ̀kan.

Iṣẹ́ àṣekágbá ni. Hanifah fẹ́ mọ̀ bóyá èròjà kan wà lóòótọ́ nínú ewé àbámọdá tó ń mú kí ara tó wú lọ sílẹ̀. Ó máa gún gbogbo eku lábẹ́rẹ́ kí ẹsẹ̀ wọn lè wú. Kéèjì kan yóò mu oògùn òyìnbó, ìkan yóò mu omi ewé, ìkan yóò mu omi lásán, lẹ́yìn náà ni yóò wá wọn ẹsẹ̀ wọn wò. Bí iṣẹ́ yìí bá bàjẹ́, kò ní gboyè lọ́dún yìí. Ìyẹn ni kò jẹ́ kó rí oorun sùn.

Ìyá ọkọ mi, Màmá Ẹ̀pẹ́, ló ni ewé. Ẹja yíyan ló ń tà ní Ọjà Olúwo, ṣùgbọ́n àbámọdá kún ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ bámúbámú. Kò sẹ́ni tó máa tiro kọjá níwájú ìsọ̀ rẹ̀ tí kò ní pè jókòó. Á gbé ewé lé iná títí yóò fi rọ̀, á fi di ẹsẹ̀ onítọ̀hún. Ó di orúnkún ọkùnrin kan tán lọ́jọ́ kan kí ìyẹn tó ráyè sọ pé bàtà tuntun ló ń há òun.

Ó gbé ewé dé ní Ọjọ́bọ̀. Láàárọ̀ Jímọ̀, Hanifah gún àwọn eku, ó fún kéèjì kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, àwa méjèèjì sì gba mọ́ṣáláṣí lọ. Màmá ní ẹ̀yìn ń ro òun, òun yóò kírun nílé.

Nígbà tí a dé, ilé ń rùn fún ewé tí iná pa. Gbogbo eku, kéèjì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ni wọ́n ti di lẹ́sẹ̀. Màmá ti fa ìborùn rẹ̀ ya tín-ín-tín-ín, ó so ó ní kókó kéékèèké. Àwọn eku mìíràn ń jẹ ẹja yíyan rẹ̀ lọ́wọ́.

"Màmá!" Hanifah ká ọwọ́ lérí. "Kí lẹ ṣe yìí?"

"Èmi ló yẹ kí n bi ọ́. Ó ṣe jẹ́ kéèjì kan ṣoṣo lo fún ní ewé? Kí ni àwọn tó kù fi ṣe ọ́?"

"Control ni àwọn kan níbẹ̀, Màmá, àwọn la fẹ́ fi wé àwọn tó kù! Omi nìkan ló yẹ kí wọ́n mu!"

"Ta tiẹ̀ ló ṣe wọ́n lẹ́sẹ̀ báyìí?"

"Èmi ni, mà."

Màmá wò ó tòkètilẹ̀. Ó yíjú sí mi. "Ìyá Hanifah, ṣé iléèwé tí ẹ ní ó ń lọ nìyí?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ṣùgbọ́n ẹkún ni ọmọ mi ń sun, ni mo bá gbé ẹ̀rín mì. Dókítà Mojúbàolú pariwo lórí fóònù: nígbà tí gbogbo wọn ti gba ewé, kí la fẹ́ fi wé kí ni? Ó ní kí Hanifah fún wọn ní ìsinmi, kó wá tún un ṣe ní ẹsẹ̀ kejì. Bí èyí náà bá bàjẹ́, ó di àmọ́dún.

"Ẹsẹ̀ kejì kẹ̀?" ni Màmá wí. Kò gbà láti padà sí Ẹ̀pẹ́.

Nígbà tí ọjọ́ pé, Hanifah ti ara rẹ̀ mọ́lé pẹ̀lú àwọn eku, èmi gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, mo jókòó lé e. Màmá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó gbẹ́nu sí àlàfo abẹ́ ilẹ̀kùn.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mu omi, ẹ foríjì wá o. Ọmọ mi ló fẹ́ gboyè. Ẹ má ṣẹ́ ẹ lépè."

"Màmá, eku kì í ṣépè."

"Ṣé o gbọ́ èdè wọn ni?"

Fífò ni Hanifah fò jáde. Omi ewé mú wíwú náà lọ sílẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá oògùn òyìnbó dọ́gba! Dókítà pàápàá rẹ́rìn-ín lórí fóònù. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé pé ọwọ́ tó fi mú eku ló fi dì mọ́ mi.

Màmá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. "Àwọn tó mu omi ńkọ́?"

"Ẹsẹ̀ wọn ṣì wú, Màmá. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn."

"Ẹ ti parí iṣẹ́ yín?"

"A ti parí, mà."

"Kí lẹ wá fẹ́ ṣe fún wọn?"

Hanifah wò mí. Ó ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé bí iṣẹ́ bá parí, pípa ni wọ́n ń pa eku. Mo gbójú sókè, mò ń wo àjà. Kò sẹ́ni tó lè wí i lójú arúgbó yẹn. Màmá wo àwa méjèèjì títí, ó dìde, ó lọ dáná ewé.

Lọ́jọ́ kejì, mo sìn ín dé gárèjì. Kéèjì kan wà láyà rẹ̀, ó fi gèlè bò ó. Awakọ̀ Ẹ̀pẹ́ ní kó gbé ẹrù rẹ̀ sí búùtù.

"Kì í ṣe ẹrù," ni Màmá wí. "Aláìsàn ni wọ́n. Àwọn ló bá ọmọ mi gboyè."

Awakọ̀ náà ṣí gèlè díẹ̀, ó rí àwọn ẹsẹ̀ dídì náà. Ó ní kí ẹni tó jókòó síwájú bọ́ sẹ́yìn, torí pé ọkọ̀ kì í mì púpọ̀ níwájú.